Ẹ Má Ṣí Ibi Eré Kọjá: Ìbéèrè Yín Lórí Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Tó Dá Lórí Eré Ìdárayá

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lóṣù tó kọjá, gẹ́rẹ́ ni mo kàn dárúkọ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dá lórí eré ìdárayá níbí, ìyẹn àwọn ìwé tí wọ́n ti máa ń pààyàn tàbí jí nǹkan láàárín àwọn ẹléré, tí ẹnì kan náà á máa tọpa ọ̀daràn láti ìwé kan bọ́ sí ìkejì, sí ìkẹta. Ha, lẹ́tà! Láti Aṣẹ́rọ̀, láti Lafẹ́nwá, láti Pánṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta wa níbí, kódà ẹnì kan kọ ọ́ wá láti Ṣàgámù. Inú mi dùn gan-an torí irú ìwé yìí ni mo fẹ́ràn jù, gbogbo àyè tí wọ́n fún mi lóṣù yìí ni mo sì máa lò fún un. Mi ò ní sọ ẹni tó pààyàn nínú ìwé kankan o, ẹ fọkàn balẹ̀.

*Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi ló kó àwọn ìwé òyìnbó kan wálé, ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dick Francis, gbogbo ẹ̀ ṣáà ni ẹṣin, ẹṣin, ẹṣin. Mò ń kà á, ó sì ń dùn mọ́ mi, àmọ́ tí wọ́n bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń sáré ẹṣin, mo máa ń ṣí i kọjá ni, torí ẹṣin tí mo mọ̀ láyé mi ò ju èyí tí mo rí ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ. Tí mo bá wá kà á parí, ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi yẹn á yà mí lẹ́nu débi pé inú á bí mi, á dà bíi pé òǹkọ̀wé rẹ́ mi jẹ. Ṣé kí n máa kà á lọ ni àbí kí n wá òmíì? Ìyàwó Tíṣà, Òkè-Ìléwó.*

Ẹ̀yin ìyàwó Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Òǹkọ̀wé ò rẹ́ yín jẹ o, àwọn ojú ìwé tí ẹ ń ṣí kọjá yẹn gan-an ló kó ẹ̀rí sí. Ẹni tó bá ń kọ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí han òǹkàwé kí ìwé tó parí, bí òfin ló rí láàárín wọn, tí ò bá fi hàn, ìgbà yẹn lẹ lè bínú sí i. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ fi hàn débi tí ẹ máa já a kíá. Níbo ló máa wá fi í pamọ́ sí? Ibi tí ọkàn gbogbo èèyàn bá ti wà lórí nǹkan míì ni. Nínú ìwé eré ìdárayá, àárín eré náà nìyẹn, nígbà tí ara yín ti gbóná tí ẹ ń rò ó pé ta ló máa wọlé ṣáájú, ìgbà yẹn ló máa ju gbólóhùn kan sílẹ̀ jẹ́jẹ́, pé lágbájá ti dìde kúrò níjòókòó, pé ẹṣin báyìí ti ń làágùn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní kà á sí.

Ẹ ò sì nílò kí ẹ mọ ẹṣin tẹ́lẹ̀. Nínú eré ẹṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń gbé agẹṣin pẹ̀lú gàárì ẹ̀ lé òṣùwọ̀n kó tó lọ sáré, tó bá sì wà lára àwọn tó ṣáájú wọ́n á tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá dé. Nínú àwọn eré kan, ẹṣin tó bá lágbára jù ni wọ́n máa ń di ẹrù tó wúwo jù lé, wọ́n á ki òjé sí abẹ́ gàárì ẹ̀ kí àwọn tó kù lè rọ́nà bá a du ú. Tí òṣùwọ̀n àlọ àti ti àbọ̀ ò bá wá bára mu, wàhálà ti dé nìyẹn, wọ́n lè gba ipò yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ wá rò ó wò, ìyá mi, ohun tí òǹkọ̀wé tó gbọ́n lè fi òjé kékeré yẹn ṣe.

Dick Francis mọ ohun tó ń kọ, agẹṣin ni fúnra ẹ̀, òun ló ṣáájú gbogbo àwọn agẹṣin tó ń fo odi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú sáà 1953 sí 1954. Ní 1956 ó gun Devon Loch, ẹṣin ìyá Ọbabìnrin Elizabeth, nínú eré Grand National ní Aintree, eré tó ju máìlì 4 lọ, tí ẹṣin máa fo odi 30. Ó ti fo gbogbo odi yẹn tán. Ó ti fi àwọn tó kù sẹ́yìn. Ó kù fẹ́ẹ́ kó dé òpin ni ẹṣin yẹn bá ṣàdédé na ẹsẹ̀, ó fi ikùn lélẹ̀ láàárín pápá níṣojú ọba àti ìjòyè, ẹṣin míì kọjá lára ẹ̀ ó lọ gba ife ẹ̀yẹ. Títí di òní ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ló fà á. Ọdún tó tẹ̀lé e ló fi ẹṣin gígùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìròyìn eré ẹṣin fún ìwé ìròyìn, ìwé ìtàn ẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1962. Èmi o, mo gbà pé ẹni tí irú nǹkan yẹn bá ṣẹlẹ̀ sí lójú ayé, ìbéèrè "kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an" ò lè kúrò lọ́kàn ẹ̀ mọ́ títí láé, ẹ sì máa gbọ́ ọ nínú gbogbo ìwé ẹ̀ tí ẹ bá fetí sílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀, Mary, ló máa ń bá a ṣe ìwádìí, ó tiẹ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú nítorí ìwé.

Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀ ló ní akọni tiẹ̀ lọ́tọ̀, àmọ́ ẹnì kan wà tó ń padà wá, Sid Halley. Agẹṣin tó gbayì ni tẹ́lẹ̀, ó ṣubú, ọwọ́ ẹ̀ òsì bàjẹ́ pátápátá, kò lè gun ẹṣin mọ́, ló bá di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ìwé mẹ́rin ni Dick Francis fúnra ẹ̀ kọ nípa ẹ̀, ní 1965, 1979, 1995 àti 2006. Àwọn mẹ́rin yìí ni kí ẹ lọ wá, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ti 1965 tí wọ́n ń pè ní *Odds Against*. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ òyìnbó yòókù ni pé gbogbo ìgbà tó bá lọ sí pápá ẹṣin láti wádìí ọ̀ràn, ibi tí nǹkan tó nífẹ̀ẹ́ jù láyé ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ náà ló ń padà lọ. Ó máa ń dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Torí náà, tí ẹ bá tún dé ibi eré, ẹ fara balẹ̀. Ẹ máa wo ẹni tó yẹ kí inú ẹ̀ bàjẹ́ tí kò bàjẹ́. Ẹ máa wo ẹni tí àbájáde eré ò yà lẹ́nu. Tí ẹ bá ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò burú, èmi náà máa ń ṣe é.

*Ẹ̀gbọ́n, ká sòótọ́, èmi ò kì í kàwé, Arsenal nìkan ni tèmi. Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù ló ní kí n bi yín bóyá ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wà tó kan Arsenal, pé tó bá wà mo máa kà á. A ti jọ ta tẹ́tẹ́ lé e, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọmọ Arsenal, Pánṣẹ́kẹ́.*

Àbúrò, lọ wá owó ìwé, torí ó wà! Ní 1939 ni Leonard Gribble kọ *The Arsenal Stadium Mystery*. Highbury, pápá Arsenal àtijọ́ tí wọ́n lò títí di 2006, ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Arsenal ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú tíìmù kan tí wọ́n ń pè ní Trojans, bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ ni ọ̀kan nínú àwọn Trojans bá ṣubú lórí pápá, kò sì dìde mọ́, májèlé ni. Ìwọ rò ó wò ná, níṣojú gbogbo èrò ìwòran, kò sì sẹ́ni tó rí ọwọ́ tó ṣe é. Ohun tó máa dùn mọ́ ẹ jù ni pé òǹkọ̀wé fi àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal tòótọ́ ìgbà yẹn sínú ìwé, pẹ̀lú George Allison tó jẹ́ mánẹ́jà wọn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi ṣe fíìmù, wọ́n sì ya ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Arsenal àti Brentford sínú ẹ̀. Wọ́n tún ìwé yẹn tẹ̀ ní 2018, kò ní ṣòro láti rí.

Àmọ́ ìwé kan ṣoṣo nìyẹn. Tó o bá fẹ́ ìtẹ̀léra, Philip Kerr kọ mẹ́ta láàárín 2014 àti 2015 nípa Scott Manson, kóòṣì bọ́ọ̀lù tó máa ń wádìí ikú. Tíìmù àfinúrò kan ní London ló wà, kì í ṣe Arsenal, àmọ́ inú yàrá ìmúra, ọ̀rọ̀ ríra àti títà agbábọ́ọ̀lù, ìwà àwọn olówó tó ni kílọ́ọ̀bù, gbogbo ẹ̀ ló tú síta, ọ̀rọ̀ rírùn pọ̀ nínú ẹ̀ díẹ̀ o, mo ti kìlọ̀. Kóòṣì ló dáa jù láti jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú ìwé bọ́ọ̀lù, èmi gbà bẹ́ẹ̀, torí òun ló ti mọ́ lára láti wo èèyàn 11 lẹ́ẹ̀kan náà kó sì mọ ẹni tí ara ẹ̀ ò yá. Ọ̀gá ẹ ti ṣe ẹ́ ní oore, bá mi kí i.

*Ẹ ń lẹ́ o. Ṣé dandan ni kéèyàn ka ìwé ìtẹ̀léra láti àkọ́kọ́? Èyí tí mo rí rà, ìkẹta ni. A. O., Aṣẹ́rọ̀.*

Ti Sid Halley, tí ẹ ò bá rí àkọ́kọ́ ẹ ṣì máa gbádùn ẹ̀. Àmọ́ ti Harlan Coben, àwọn ìwé Myron Bolitar, ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, *Deal Breaker* tó jáde ní 1995. Myron ti fẹ́ di gbajúmọ̀ nínú básíkẹ́ẹ̀tì, orúnkún ẹ̀ bá bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó wá di aṣojú fún àwọn ẹléré ìdárayá, òun ló ń bá wọn dúnàádúrà owó oṣù. Nínú ìkẹta ni wọ́n ti ní kó padà wọ jẹ́sì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ á kàn rí i bí ọkùnrin tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ti ka méjì àkọ́kọ́, omi lè bọ́ lójú ẹ̀. Ìwé 12 ló ti wà báyìí, èyí tó kẹ́yìn jáde ní 2024. Mo fẹ́ràn pé ọkùnrin yẹn ń dàgbà, òbí ẹ̀ ń darúgbó, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ẹ̀ ń bàjẹ́ ó ń dáa. Ìwé ìtẹ̀léra tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ibẹ̀ bá wà bákan náà láti ìwé kìíní dé ìkẹwàá, èmi ò kì í kà á dé ìkẹrin.

*Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 13, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú ìwé yìí, mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ àti oògùn olóró wà nínú ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀? Bàbá Kékeré, Lafẹ́nwá.*

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, àmọ́ ẹ má gbà á o. Ọmọ yẹn ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tó bá ń lọ síléèwé, ó ti ń gbọ́ bí àwọn bọ̀dá àdúgbò ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bíi pé iṣẹ́ ni. Nínú ìwé ló ti máa rí òdì kejì ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mú agbábọ́ọ̀lù tó jẹ gbèsè, bí wọ́n ṣe ń halẹ̀ mọ́ ọn títí á fi jẹ́ kí wọ́n borí òun. Ìwé kan wà fún ọjọ́ orí ẹ̀ gan-an, ti John Feinstein, *Last Shot*, 2005. Ọmọdékùnrin kan àti ọmọdébìnrin kan tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn ìwé kíkọ ni wọ́n ní kí wọ́n wá kọ ìròyìn ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì ńlá kan ní New Orleans, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ tí ẹnì kan ń fipá mú agbábọ́ọ̀lù kó jẹ́ kí tíìmù òun pàdánù. Àwọn méjèèjì yìí náà ló wà nínú àwọn ìwé tó tẹ̀lé e, tẹ́níìsì wà níbẹ̀, Òlíńpíìkì náà wà níbẹ̀. Ẹ bá a kà á. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́tẹ́, ẹ dúró kẹ́ ẹ bi í pé kí ló rò.

*Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì níbí, mo sì fẹ́ kọ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ eré ìdárayá ní Yorùbá, kó jẹ́ Abẹ́òkúta ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kó lè di mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ta ló fẹ́ kà á. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ọmọ Ìjẹ̀mọ̀.*

Èmi fẹ́ kà á! Àbúrò mi, lẹ́tà ẹ ni mo kà jù nínú gbogbo wọn. Ìlú tí *Ìwé Ìròyìn* ti bẹ̀rẹ̀ ní 1859 là ń gbé, ibi tí Yorùbá ti kọ́kọ́ ní ìwé ìròyìn tiẹ̀, ta ló wá lè sọ pé ibẹ̀ ò yẹ kí irú ìwé yìí ti jáde? Ọ̀nà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pàápàá, wọ́n ti là á sílẹ̀ fún ẹ. Lọ ka ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, *Àjà Ló Lẹrù* ti 1969 àti *Àgbàlagbà Akàn* ti 1971, kó o wo Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, bó ṣe ń fi ẹnu wádìí ọ̀rọ̀, bí òwe àti èébú ṣe ń ṣiṣẹ́ fún un. Má ṣe farawé e o. Kàn wò ó pé Yorùbá lè sáré nínú ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ kó o dì mú ni èyí tí mo sọ fún ìyàwó Tíṣà lókè: inú òfin eré yẹn ni kí ẹ̀rí wà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n lè mú agbábọ́ọ̀lù inú ìwé ẹ kúrò, kí wọ́n fi télọ̀ rọ́pò ẹ̀, kí ìtàn má sì yí padà, a jẹ́ pé kì í ṣe ìwé eré ìdárayá lo kọ.

Wo ayò. Lára eré ìbílẹ̀ tí wọ́n ń du níbi National Sports Festival ni, èyí tó sì wáyé níbí ní May 2025, tí pápá MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ kún fọ́fọ́. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ká ní wọ́n bá bàbá àgbà kan tó ti kú síwájú ọpọ́n, gbogbo èèyàn ń sọ pé àìsàn ni, pé òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni wọ́n jọ ń ta á. Ẹnì kan wá ka ọmọ ayò, ó rí 47. Ìyẹn dáa, àmọ́ èyí tó dáa jù ú lọ rèé: ẹni tó mọ ayò wo ọpọ́n yẹn dáadáa, ó ní ọ̀ta ni olóògbé, ọ̀ta sì ni ọ̀rẹ́ ẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n ta kẹ́yìn yìí, òpè ló ta á, torí ihò kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n jẹ tí wọn ò jẹ. A jẹ́ pé ẹlòmíì ló jókòó síbẹ̀. Ṣé o rí i? Ẹni tí ò mọ ayò á kọjá lára ọpọ́n yẹn, ẹni tó mọ̀ ọ́n ò ní lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀ṣẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Kí wọ́n tó wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́, wọ́n á fi báńdéèjì di ọwọ́ abẹ̀ṣẹ́, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó o á wá fi bírò fọwọ́ sí orí ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ki nǹkan mọ́ ọn nínú. Tí ìfọwọ́sí yẹn bá wá yàtọ̀ lẹ́yìn ìjà ńkọ́? Tàbí ayẹ̀wò oògùn: ẹléré náà fúnra ẹ̀ ló máa mú ìgò tó wù ú, ìtọ̀ kan náà ni wọ́n máa pín sí ìgò A àti B, nọ́ńbà wọn gbọ́dọ̀ bára mu, wọ́n á dì í pa. Ọ̀ràn pọ̀ nínú ìgò méjì yẹn ju ìbọn lọ.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ẹ ńkọ́? Má mú ọlọ́pàá, má mú lọ́yà. Mú ìyá tó ń fọ jẹ́sì tíìmù. Òun ló mọ jẹ́sì tó padà wálé pẹ̀lú ẹrẹ̀ nígbà tí òjò ò rọ̀ ní Kútọ̀, òun ló mọ ẹni tó fi tiẹ̀ pamọ́ tí ò jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ń dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá bá wọlé. Gbogbo wọn á máa pè é ní Màmá, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lọ. Tí ìwé kẹta bá fi máa jáde, kí ẹ̀yìn ti máa dùn ún, kí ọmọ ẹ̀ ti máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fiṣẹ́ sílẹ̀.

Kó o tó kọ ohunkóhun, lọ jókòó ti àwọn àgbà tó rí Abiola Babes, tíìmù ìlú yìí tó gba Challenge Cup, ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù gbogbo Nàìjíríà, ní 1985 àti 1987. Jẹ́ kí wọ́n sọ bí ọjọ́ bọ́ọ̀lù ṣe máa ń rí, ohun tí wọ́n ń jẹ, ohun tí wọ́n ń kọ lórin, ẹni tí wọ́n ń bú. Má fi orúkọ ẹnikẹ́ni tó wà láyé ṣe ọ̀daràn o, dá tíìmù tìẹ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ tó ń bi ẹ́ pé ta ló fẹ́ kà á, fún wọn ní orí kìíní kí wọ́n kà á, kó o wo bóyá wọ́n á béèrè ìkejì.

*Mo fẹ́ máa ra àlòkù torí owó. Kí ni kí n máa wò? Ìyá Ìbejì, Àdàtán.*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ní iwájú ìwé, ojú ìwé kan wà tí wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn ìwé míì tí òǹkọ̀wé yẹn ti kọ sí, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó kàn. Ẹ wo nọ́ńbà ojú ìwé ní àárín bóyá wọ́n já èyíkéyìí. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ ibẹ̀, nọ́ńbà àti ibi tó parí sí nìkan ni kẹ́ ẹ wò. Tí ojú ìwé ìkẹyìn ò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà, kódà kí wọ́n fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.